Ọ̀rọ̀ Ọjà Nínú Yàrá Ìpàdé: Ìperí fún Ìdúnàádúrà

Ìdúnàádúrà ni ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì tí ìfẹ́ wọn kò dọ́gba ń bára wọn sọ títí ohùn wọn yóò fi ṣọ̀kan, tàbí tí kálukú yóò fi bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ń bá oníbàárà, òṣìṣẹ́ àti báńkì ṣe é. Púpọ̀ nínú ìperí rẹ̀ kò ní wàhálà: èrè, gbèsè, ìwé àdéhùn, ìfohùnṣọ̀kan. Báńkì náà kò nílò àtúnṣe. Ó ti di tiwa.

Orúkọ iṣẹ́ náà gan-an ló ń fa àríyànjiyàn. Ná àti rà hàn gbangba nínú rẹ̀, àwọn kan sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìsọ̀ lásán ni, pé kò tó ọ̀rọ̀ ọlọ́lá. Ìtàn Èkìtì kò gbè wọ́n. Nígbà tí ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ń wá ojútùú, Samuel Johnson àti Charles Phillips ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí wọ́n ń gbé e bọ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. Nínú àdéhùn 1886, Èkìtì gba òmìnira. Ìgbájọ, Ọ̀tan, Ìrẹsì àti Àdá kù sọ́wọ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ará ibẹ̀ tó bá fẹ́ kó kúrò lè kó kúrò. Kí ni Ìbàdàn àti Èkìtì ṣe bí kò ṣe pé wọ́n ná an, bí kò tilẹ̀ sí owó nílẹ̀?

Johnson àti Phillips kọ́ ni adúnàádúrà níbẹ̀ ṣá. Onílàjà ni wọ́n, ẹni tó ń la ìjà. Adúnàádúrà ní ohun tí yóò jẹ tàbí tí yóò pàdánù. Onílàjà kò gbọdọ̀ ní. Ẹni tó ń pe adúnàádúrà àti onílàjà ní alárinà ń da ìwé rú. Kí a fi alárinà sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, níbi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìperí tó le jù wá láti inú ìwé tí Roger Fisher àti William Ury kọ ní 1981: ohun tó sàn jù tí ènìyàn lè ṣe bí àdéhùn kò bá bọ́ sí i. Bí a bá tò ó ní ẹyọ-ẹyọ, “àfidípò tó dára jù lọ fún àdéhùn tí a dúnàádúrà” la ó rí, ìperí tó gùn ju ìpàdé lọ. Ìfẹ̀yìntì ìbá wúlò, ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì ti gbà á. Àbọ̀sinmi ló yẹ ẹ́: à, bọ̀, sinmi, ibi tí a padà sí tí ara fi tù wá. Ilé ni àbọ̀sinmi oko. Àgbẹ̀ tó gbé iṣu wá sọ́jà Ìkọ̀lé ní Èkìtì lè gbé e padà sílé bí owó kò bá dára. Ẹni tó gbé tòmátì wá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, oníbàárà sì mọ̀. Nítorí náà ni ọ̀gá tó gbọ́n fi ń wá báńkì kejì kó tó jókòó ti ti àkọ́kọ́.

Iye tí ènìyàn kò ní í kọjá kò nílò àṣẹ̀ṣẹ̀dá. “Èló ni jálẹ̀?” ni wọ́n ń bi ìyálọ́jà. Jálẹ̀ ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹnu. Ulé àti uṣu ni Èkìtì ń pe ilé àti iṣu, bẹ́ẹ̀ ni ìdúnàádúrà yóò di ùdúnàádúrà lẹ́nu wọn. Ì ni kí a kọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n nínú ìpàdé ní Ìkọ̀lé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún ù wọn ṣe.