Ẹgbẹ́ Tó Ń Ṣèpàdé Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀bù Ọtí

Lóṣù yìí, ẹ jẹ́ ká dé Bombay ní ilẹ̀ Íńdíà, ìlú tí wọ́n ń pè ní Mumbai lónìí.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1883 ni èèyàn mẹ́jọ dá Bombay Natural History Society sílẹ̀ níbẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń wádìí ẹranko, ẹyẹ àti ewéko. Abẹ́ ìjọba òyìnbó ni Íńdíà wà nígbà yẹn. Nínú àwọn mẹ́jọ náà, ọmọ Íńdíà ò ju méjì lọ: Dókítà Atmaram Pandurang àti Dókítà Sakharam Arjun. Músíọ́mù ni wọ́n kọ́kọ́ ti ń pàdé. Nígbà tó di oṣù Kìíní 1884, Phipson tó ń ta wáìnì yọ̀ǹda yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún wọn.

Kí ni wọ́n ń ṣe ní mítíǹgì? Ẹni tó bá rí nǹkan á mú un wá, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ní 1886, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tiwọn kí ohun tí wọ́n rí má baà parẹ́. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká tan ara wa o: nínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, orúkọ àwọn ọdẹ àti ará abúlé tó mọ igbó dunjú ṣọ̀wọ́n.

Ní 1908, ọmọdé kan tó ń jẹ́ Salim Ali yìnbọn pa ológoṣẹ́ kan tó ní àmì yẹ́lò lọ́rùn. Irú rẹ̀ ṣàjèjì sí i. Arákùnrin ìyá rẹ̀ ní kó gbé e lọ bá Millard, akọ̀wé ẹgbẹ́. Millard ò lé e. Ó sọ orúkọ ẹyẹ náà fún un, ó sì fi àwọn ẹyẹ tí ẹgbẹ́ ti kó jọ hàn án. Ọmọ yẹn ló wá di ọ̀gá nínú ìmọ̀ ẹyẹ ní Íńdíà, tó sì di òpó ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn tí òyìnbó lọ.

Àwa ńkọ́? Baba ọdẹ àti ìyá eléwé ọmọ mélòó ló ti kú láàárín wa, tá ò kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ lẹ́nu wọn? A ní ó di ìgbà tí gbọ̀ngàn ìlú bá parí, àbí? Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù làwọn yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ní mítíǹgì tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí kálukú mú orúkọ ewé tàbí ẹyẹ kan tó gbọ́ lẹ́nu àgbà wá. Ẹ mú ọmọ kan dání pẹ̀lú.