Ohun Tó Ṣọ̀wọ́n, Ohun Tó Gbówó Lórí: Èdè fún Àwọn Tó Ń Ṣa Géèmù Àtẹ́lẹwọ́ Jọ

Ní ọdún 1987, ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan fi ẹ̀rọ géèmù kékeré kan ta àwọn tó borí nínú ìdíje wọn lọ́rẹ. Àwọ̀ ìyeyè ni ara rẹ̀, Super Mario Bros. ló wà nínú rẹ̀, 10,000 péré ni wọ́n sì ṣe. Wọn kò gbé ìkankan sórí àtẹ fún títà. Géèmù kan náà wà nínú ẹ̀rọ méjì mìíràn tí wọ́n tà lọ́jà, èkíní jáde ní 1986, èkejì ní 1988. Ọmọ tó bá gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, eré kan náà ni yóò bá pàdé. Síbẹ̀, láàárín àwọn tó ń wá irú nǹkan yìí kiri, aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n ń du, owó rẹ̀ sì jìnnà sí ti àwọn yòókù.

Ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣàlàyé èyí ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ni yóò kọ́kọ́ wá sẹ́nu: ó wọ́n. Nínú ọjà wa, àìsí ọjà àti ọ̀wọ́n owó kì í rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí a bá ní epo wọ́n, kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó. Bí a bá ní aṣọ wọ́n, owó rẹ̀ ló ga. Ẹni tó bá sì ní ọ̀pọ̀ ni òun ra ata, owó pọ́ọ́kú ló ń wí. Ọgbọ́n àgbẹ̀ àti ti alájàpá ló wà níbẹ̀, torí ohun tó bá kún ọjà, owó rẹ̀ á wálẹ̀ dandan. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yẹn kò tó aṣàjọ í lò, ìyẹn ẹni tó ń ṣa irú nǹkan báyìí jọ. Ẹ wo Brick Game, ẹ̀rọ tó ti Ṣáínà wá, tí àwọn ọmọ iléèwé ń fi pamọ́ sínú báàgì ní àwọn ọdún 1990. Wọ́n gbá a títí bọ́tìnì rẹ̀ fi jìn wọlé, lẹ́yìn náà ó di ti ààtàn. Ó ṣòro kéèyàn tó rí èyí tó ṣì pé nínú ti ìgbà yẹn, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò ná owó ńlá lé e. Ó ṣọ̀wọ́n, kò gbówó lórí. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn: kí a fi “ó wọ́n” sílẹ̀ fún ọjà oúnjẹ àti aṣọ, kí a máa sọ “ṣọ̀wọ́n” fún ohun tí iye rẹ̀ kéré láyé, kí a sì máa sọ “gbówó lórí” fún ohun tí àwọn èèyàn ń du. Ìgbà tí a bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni a tó lè béèrè ìdí tí wọ́n fi pàdé lára ẹ̀rọ aláwọ̀ ìyeyè yẹn, tí wọn kò sì pàdé lára Brick Game.

Gbaji ló ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí, ìlú kan lẹ́bàá ọ̀nà tó gba Àgbádárìgì lọ sí ibodè Seme, níbi tí wọ́n ti ń sọ Ègùn àti Yorùbá pọ̀. Àwọn aṣọ́bodè ní ibi àyẹ̀wò níbẹ̀, ẹrù tó ń ti Kútọnu bọ̀ sì ń gba iwájú wọn kọjá. Lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ òòjọ́ ni kéèyàn díye lé ohun tí ẹlòmíràn ti lò. Ibẹ̀ ni ó yẹ ká ti lọ wá ọ̀rọ̀. Èbúté Àgbádárìgì yìí kan náà ni Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ní 1845, ọdún méjì lẹ́yìn tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Fífi Yorùbá pe ohun tó gba orí òkun wá kì í ṣe iṣẹ́ tuntun ní etíkun yìí.

Ọ̀rọ̀ méjì tó ṣe pàtàkì sí aṣàjọ ti wà lẹ́nu àwọn oníṣòwò ojú ọ̀nà yẹn: àlòkù àti tòkunbọ̀. Àlòkù ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọjà, pé wọ́n ti lò ó, ó wá ṣẹ́ kù. Tòkunbọ̀ ń sọ ìrìnàjò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn odi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pò wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan lè jẹ́ tòkunbọ̀ láìjẹ́ àlòkù: ẹni tó rà á lókè òkun kò tú u rí, ó wà nínú ọ̀rá rẹ̀ títí ó fi dé. Owó tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe kékeré. Bẹ́ẹ̀ náà ni páálí. Àwọn tó ń ta fóònù àlòkù mọ̀ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ ni “páálí ẹ̀ ńkọ́?”, nítorí páálí àti rìsíìtì ni ẹ̀rí pé kì í ṣe ọjà olè. Fún aṣàjọ, páálí ju ẹ̀rí lọ, ó jẹ́ apá kan nínú ọjà fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà pẹ̀lú páálí, ìwé ìlànà àti gbogbo ohun tó bá a wá, mo ń pè é ní “apépáálí”. Èyí tó wà lásán, “oníhòòhò” ni.

Ní ti orúkọ ẹ̀rọ gan-an, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe apá kejì ní 1990. Láìsí wọn, olùkọ́ kì bá tí lè fi Yorùbá kọ́ni ní gírámà Yorùbá. Àwọn onímọ̀ wọ̀nyẹn pàápàá kò kórìíra àyálò, wọ́n gba fóníìmù wọlé. Amóhùnmáwòrán ń gbé nínú ìròyìn, tẹlifíṣọ̀n ń gbé nínú ilé. Nítorí náà, géèmù àtẹ́lẹwọ́ tó mi. A óò máa gbá a bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, ohun tí a ń kì bọ̀ ọ́ yóò sì máa jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì bí àwọn ọmọ ṣe ń pè é láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Àwọn kan fẹ́ ká pe géèmù ní ayò. N kò gbà. Èèyàn méjì ló ń kojú ara wọn lórí ọpọ́n ayò, ọmọ 48 láàárín wọn, àwọn òǹwòran á sì máa dá sí i. Ṣùgbọ́n ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa Gunpei Yokoi, ẹni tó dá Game & Watch sílẹ̀ ní 1980, ni pé inú ọkọ̀ ojú irin ló ti rí ọkùnrin kan tó ń tẹ ẹ̀rọ ìṣirò láti fi pa ìgbà. Ìdáwà ló bí irú géèmù àtẹ́lẹwọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ yá ọ̀ta àti òpè lọ́wọ́ aláyò, torí kò sí ọ̀rọ̀ tó dára jù wọ́n lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ipò ara ọjà ni iṣẹ́ pọ̀ sí, nítorí orí rẹ̀ ni owó dúró lé. Aláró àti aláṣọ ti ṣe púpọ̀ fún wa níbí. Aṣọ tí oòrùn pa àwọ̀ rẹ̀ jẹ, a ní ó ti ṣá. Ìlẹ̀mọ́ tó wà lára kásẹ́ẹ̀tì náà máa ń ṣá. Ṣùgbọ́n ike eérú ti Game Boy tí Nintendo gbé jáde ní 1989 kì í ṣá, ńṣe ló máa ń pọ́n, nítorí èròjà inú ike náà ló ń yí padà bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ẹni tó bá kọ “ṣá” síbi tí ó yẹ kó kọ “pọ́n” ti ṣi ẹni tó ń rà lọ́nà. Bátìrì mẹ́rin ni ẹ̀rọ yẹn ń lò, bí wọ́n bá sì gbàgbé wọn sínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, wọn á jò, nǹkan funfun bí ẹfun á bo irin inú rẹ̀. A ní ọ̀rọ̀ fún un: ilé bátìrì ti dípẹtà. Ojú ẹ̀rọ tún ní àrùn tirẹ̀. Microvision, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1979, ni àtẹ́lẹwọ́ àkọ́kọ́ tí a lè pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹyọ àmì 16 ní ìbú, 16 ní òró ni gbogbo ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni dúdú ti ń tàn ká ojú wọn láti inú wá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. “Ojú rẹ̀ fọ́” kò bá a mu, torí fífọ́ ní ẹni tó fọ́ ọ. Jíjẹrà ni. Ìjẹrà ojú ni mo ń kọ.

Jíjẹ́ ojúlówó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ayédèrú ni ohun tí wọ́n ṣe láti fi tan ẹni tó ń rà jẹ. Àfijọ kò fi ara pamọ́, ó jọ ohun kan, kò sì sẹ́. Bí wọ́n bá fi èèpo tuntun wọ ẹ̀rọ àtijọ́, tí inú jẹ́ ti Nintendo, tí ara jẹ́ ti ẹlòmíràn, àdàmọ̀dì ni mo fẹ́ ká pè é, kí ẹni tó ń tà á má bàa pè é ní ojúlówó. Ibo wá ni Brick Game wà? Eré tí Alexey Pajitnov dá sílẹ̀ ní Moscow ní 1984, ìyẹn Tetris, ni wọ́n mú láìgbàṣẹ, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé géèmù 9999 ló wà nínú rẹ̀, nígbà tó jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń yí eré àti ìpele rẹ̀ padà lásán. Àfijọ ni, bí a bá fi wé Tetris. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ wa mọ eré náà kò ju òun lọ, ó sì ti di ohun tí a lè tọ́jú gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀. Mo gbà kí á pe èyí tó ti àwọn ọdún 1990 wá ní ojúlówó Brick Game, láìfi orúkọ náà dọ́gba pẹ̀lú Game Boy.

Bí ọ̀kan bá dé ọwọ́ mi, báyìí ni n óò kọ ọ́ sínú ìwé: Ojúlówó Brick Game, àlòkù, oníhòòhò. Ike ti pọ́n díẹ̀ lápá ẹ̀yìn, kò là. Ilé bátìrì dípẹtà, a ti nù ún, iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú kò jẹrà. Ìlà kan ṣoṣo ló kú nísàlẹ̀. Bọ́tìnì pé, ti apá ọ̀tún ń há. Ó ṣọ̀wọ́n níwọ̀nba, kò gbówó lórí.