Ìdí tí ilẹ̀kùn aládàáṣiṣẹ́ ọkọ̀ Sienna fi máa ń kọṣẹ́ àti bí ẹ ṣe lè mọ ibi tí ìṣòro náà wà

Toyota Sienna wà lára àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó wọ́pọ̀ lójú pópó Nàìjíríà. Àwọn ìdílé ń fi kó ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn awakọ̀ èrò ń fi ná ọ̀nà jíjìn láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn.

Ohun kan tó mú kí ọ̀pọ̀ fẹ́ràn ọkọ̀ náà ni ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó máa ń wọ́ lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì. Àmọ́ ilẹ̀kùn yìí kan náà, àti ti búùtù, máa ń yọ ọlọ́kọ̀ lẹ́nu bí ọkọ̀ bá ti ń gbó.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ìnira lásán. Ilẹ̀kùn tí kò bá tì dé ojú rẹ̀ lè ṣí nígbà tí ọkọ̀ wà lórí eré. Èyí tí wọ́n bá sì fi okùn so pọ̀ kò ní jẹ́ kí èrò tètè jáde bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, owó lè ṣòfò lórí pípààrọ̀ ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé fíùsì tàbí ìdọ̀tí ló fa wàhálà.

Báwo ni ilẹ̀kùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lo iná bátìrì ló ń fa okùn onírin kan. Okùn yìí ló ń wọ́ ilẹ̀kùn síwájú àti sẹ́yìn lórí ojú irin mẹ́ta: ti òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀. Àwọn róólà kéékèèké ló ń gbé e rìn lórí irin náà.

Bí ilẹ̀kùn bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padé tán, ẹ̀rọ mìíràn tó wà níbi ìkọ́ rẹ̀ yóò fà á wọlé pátápátá. Sẹ́ńsọ̀ sì wà tó ń mọ̀ bí ọwọ́ tàbí ẹrù bá há sáàárín, kí ilẹ̀kùn lè padà sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà kékeré ló ń darí gbogbo wọn.

Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó pe mẹkáníìkì

• Súìṣì iwájú awakọ̀: Ọ̀pọ̀ Sienna ní súìṣì tí wọ́n kọ "PWR DOOR OFF" sí. Bí ẹnìkan bá ti ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn kò ní ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ mọ́, ọwọ́ nìkan lẹ ó fi máa ṣí i.

• Jíà: Ẹ rí i dájú pé jíà wà ní P.

• Ìdérí ihò epo: Bí ó bá ṣí sílẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ òsì kò ní ṣí dé ojú rẹ̀, kí ó má baà gbá a.

• Ìdè ààbò ọmọdé: Bọ́tìnnì kékeré yìí wà létí ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá ti fi dè é, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò ní lè fi ọwọ́ inú ṣí i.

• Bátìrì: Bátìrì tó kún máa ń ní nǹkan bíi volt 12.6 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa. Bí iná rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, ilẹ̀kùn lè kọṣẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná iwájú ọkọ̀ ṣì ń tàn.

• Fíùsì: Bí ó bá ti jó, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a dọ́gba ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ má ṣe fi wáyà lásán dí àlàfo náà, torí ọkọ̀ lè gbiná. Bí fíùsì tuntun bá tún jó, a jẹ́ pé nǹkan kan ń dá ilẹ̀kùn dúró tàbí pé wáyà kan ti bó.

• Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bátìrì: Ẹ fi ọwọ́ ti ilẹ̀kùn náà pa dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè mọ ibi tó wà, kí ẹ tó tún tẹ bọ́tìnnì.

Bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣe ló ń fi ibi tí àìsàn wà hàn

Bí kò bá dún rárá, iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn bátìrì àti fíùsì, wáyà tó so ilẹ̀kùn mọ́ ara ọkọ̀ ni kí rẹwáyà yẹ̀ wò, torí gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí ni wáyà náà ń tẹ̀, ó sì lè já nínú láìfi ara hàn níta.

Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ àmọ́ tí ilẹ̀kùn kò rìn, ẹ pa súìṣì rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ wọ́ ọ. Bí ó bá rọrùn láti wọ́, ó ṣeé ṣe kí okùn onírin ti já tàbí kí eyín ẹ̀rọ ti jẹ. Bí ó bá wúwo, ojú irin tàbí róólà ni kí ẹ fura sí.

Bí ó bá rìn dé ìdajì tó sì padà, ó lè jẹ́ pé iyanrìn tàbí owó ẹyọ há sí ojú irin, róólà ti jẹ, tàbí sẹ́ńsọ̀ etí ilẹ̀kùn ti ya.

Bí ó bá padé tó sì tún ṣí, tàbí tí iná ìkìlọ̀ ilẹ̀kùn kò kú, ìkọ́ rẹ̀ ni kò mú. Èyí ló léwu jù lọ. Ẹ má ṣe gbé èrò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi tún un ṣe.

Bí gbogbo èyí kò bá fi ìdí ìṣòro hàn, ó di dandan kí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣàyẹ̀wò kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ilẹ̀kùn búùtù ńkọ́?

Ṣọ́ọ̀kì méjì ló máa ń gbé ilẹ̀kùn búùtù dúró. Bí òróró bá ń jò lára ọ̀kan, tàbí tí ilẹ̀kùn ń rọra sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ṣí i, agbára ṣọ́ọ̀kì ti ń tán. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹ má ṣe lu ṣọ́ọ̀kì oní-gáàsì tàbí kí ẹ fi iná jó o, torí gáàsì inú rẹ̀ lágbára, ó sì lè bú gbàmù.

Lọ́dún 2015, General Motors pe àwọn ọkọ̀ bíi Buick Enclave, Chevrolet Traverse àti GMC Acadia kan padà, torí ṣọ́ọ̀kì búùtù wọn lè jẹ kí ó sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn já lu èèyàn.

Bí iná nọ́ńbà ọkọ̀ tàbí wáípà ẹ̀yìn bá kú pẹ̀lú ilẹ̀kùn búùtù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ yẹ wáyà inú rọ́bà tó wà láàárín òrùlé àti ilẹ̀kùn wò.

Kí ló dé tí Toyota fi pe Sienna padà?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, Toyota kéde pé òun ń pe nǹkan bíi 744,000 Sienna tí wọ́n ṣe fún ọdún 2011 sí 2016 padà ní Amẹ́ríkà.

Ilé iṣẹ́ náà ṣàlàyé pé bí nǹkan bíi yìnyín bá dí ilẹ̀kùn lọ́wọ́ láti ṣí, iná tó pọ̀ jù lè jó fíùsì rẹ̀. Bí fíùsì bá jó nígbà tí ìkọ́ kò mú ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn lè ṣí nígbà tí ọkọ̀ ń lọ. Wọ́n ní àwọn yóò pààrọ̀ àpótí tí àwọn wáyà ti pàdé, àwọn yóò sì fi wáyà tuntun kún un, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọkọ̀ lè kúrò ní Amẹ́ríkà kí ẹnikẹ́ni tó ṣe àtúnṣe yìí. Láti mọ̀, ẹ wá nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ yín, VIN, tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ní apá awakọ̀, ẹ sì lè rí i láti ìta gíláàsì iwájú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sójú òpó àjọ ààbò ọkọ̀ Amẹ́ríkà, nhtsa.gov/recalls. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ó bá fi hàn pé àtúnṣe ṣì kù, ẹ mú un tọ aṣojú Toyota tó ní àṣẹ lọ, kí ẹ sì máa lo ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú ọwọ́ títí wọn yóò fi ṣe é.

Ìtọ́jú àti ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀

• Ẹ máa nu ojú irin ilẹ̀kùn déédéé, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku pọ̀. Ẹ fín sílíkónì sí i. Gíríìsì tó nípọn máa ń gba eruku mọ́ra.

• Ẹ má ṣe fi agbára fa ilẹ̀kùn nígbà tí ẹ̀rọ ń wọ́ ọ lọ́wọ́.

• Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan kí ẹ sì tì í pẹ̀lú rìmóòtù, pẹ̀lú bọ́tìnnì iwájú, àti pẹ̀lú ọwọ́ láti inú àti láti ìta. Èyí tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ní kí wọ́n fi ìdí rẹ̀ hàn yín.