Ìjọba Àwọn Ìlú tí ó Parapọ̀: Ẹ̀kọ́ láti inú Ìtàn Ẹ̀gbá

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá síwájú yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Báwo ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú, tí olúkúlùkù ní olóyè tirẹ̀ àti ilé Ògbóni tirẹ̀, ṣe lè di ìjọba kan ṣoṣo? Kí ni ó sì ń tú irú ìjọba bẹ́ẹ̀ ká? Ìtàn Abẹ́òkúta yóò dá wa lóhùn.

Ní àtijọ́, ìlú kéékèèké ni àwọn Ẹ̀gbá ń gbé nínú igbó wọn, ní ọ̀nà mẹ́ta: Ẹ̀gbá Aláké, Òkè-Ọnà tí Òṣilẹ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, àti Gbágùrá tí Àgùrá jẹ́ olórí rẹ̀. Kò sí ọba kan tí ó jẹ́ olúwa gbogbo wọn. Nígbà tí iná ogun tí ó ràn ní Òwu tàn dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ọdún 1830 tó pé, ìlú kan kò lè gba èkejì sílẹ̀, a sì kó wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1830 àwọn tí ó ṣẹ́kù tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ lọ sí abẹ́ àpáta Olúmọ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn ará Òwu, tí ogun ti tú ìlú wọn ká, wá bá wọn níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí bí wọ́n ti tẹ̀dó. Wọn kò da ara wọn pọ̀ bí àgbàdo inú apẹ̀rẹ̀. Aké gba ibi tirẹ̀, Ìjẹ̀mọ̀ gba ibi tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ìtòkò, Ìporo, Igbẹ̀in àti Ìkìjà, títí ó fi ju ọgọ́rùn-ún ìlú lọ nínú odi kan. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní àwọn Ògbóni tí ń dá ẹjọ́, àwọn Olórógun tí ń ṣe àkóso ogun, àti àwọn Pàràkòyí tí ń mójú tó ọjà àti òwò. Ṣódẹkẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọba. A ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu nítorí pé ó mọ ogun í jà, ó sì mọ ènìyàn í pè jọ.

Ẹ̀rù ọ̀tá ni okùn tí ó so wọn pọ̀. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1851, ogun Dàhómì dé ẹnu odi ní Àrò. Ní 1864 ó tún padà wá. Nígbà méjèèjì, Ẹ̀gbá lé e padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun bá lọ, ìbéèrè mìíràn a dé: ta ni yóò gba owó ibodè, ta ni yóò sì ná an? Ní 1854 a fi Okukẹnu jẹ Aláké, ẹni àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó kú ní 1862, ìtẹ́ náà ṣófo títí di ọdún 1869, nítorí pé ohùn àwọn olóyè kò ṣọ̀kan.

Ní àkókò òfìfo yìí ni àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ti Sàró bọ̀ gbìyànjú láti fi ìwé àti òfin dí àlàfo náà. Ní 1865 George W. Johnson dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, ó sì fi Baṣọ̀run Ṣómóyè ṣe olórí rẹ̀. Wọ́n ń gba owó ibodè, wọ́n sì ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Èkó. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò jinlẹ̀ nínú ilé Ògbóni àwọn ìlú. Ní 1867, nígbà tí ìbínú sí ìjọba Èkó ru sókè, Ifọ́lé dé: a kó àwọn ilé ìsìn, a sì lé àwọn òyìnbó oníwàásù jáde. Àwa ọmọ ìjọ kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọ̀rọ̀ ibodè àti ààlà wà nínú ìdí ọ̀ràn náà.

Ní 1893 Ẹ̀gbá bá Gómìnà Carter ṣe àdéhùn, a sì gbà pé wọ́n wà ní òmìnira. Ní 1898, lábẹ́ Aláké Gbadebọ̀, Ìjọba Ẹ̀gbá Ìṣọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Aláké, Òṣilẹ̀, Àgùrá àti Olówu jókòó nínú ìgbìmọ̀ kan, pẹ̀lú aṣojú àwọn Onígbàgbọ́ àti àwọn Mùsùlùmí. Wọ́n ní ilé ìṣúra, ilé ẹjọ́ àti akọ̀wé ìjọba. Adegboyega Edun ni ó di ipò akọ̀wé yìí mú láti ọdún 1902. Ní 1904 Gbadebọ̀ rí Ọba Edward Keje ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù.

Síbẹ̀, bí agbára ti ń kó jọ sí Aké, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dín kù ní ilé Ògbóni àwọn ìlú. A ń fi ipá mú ènìyàn ṣe iṣẹ́ ọ̀nà láìsan owó fún wọn, àwọn àgbà sì ń kùn. Ní 1914 àgbàlagbà kan láti Ìjẹ̀mọ̀ kú sí àtìmọ́lé, inú sì bí àwọn ará ìlú rẹ̀. Ìjọba kò pe ilé Ògbóni láti pẹ̀tù sí ọ̀ràn náà. Sójà òyìnbó ni a gbójú lé. Ní oṣù Ògún ìbọn dún ní Ìjẹ̀mọ̀, ènìyàn tí ó ju ọgbọ̀n lọ sì kú. Ní oṣù kejì, ọjọ́ 16 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, a fagi lé àdéhùn 1893, òmìnira Ẹ̀gbá sì parí.

Àwọn kan a máa sọ pé òyìnbó ni ó gbà á lọ. Òótọ́ ni, ọ̀gbẹ́ni Lugard kò fẹ́ ìjọba mìíràn nínú Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Odi tí Dàhómì kò lè wó nígbà méjì, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ṣí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀kọ́ yìí lọ sílé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Àárín gbùngbùn nílò ìlú kéékèèké, ìlú kéékèèké sì nílò àárín. Ìjọba tí ó bá gbàgbé ẹnu ilé Ògbóni tí ó gbé e dìde yóò wá ẹlòmíràn tí yóò gbé e ró. Ẹni náà kì yóò sì ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.