Ta Ló Ni Ilẹ̀ Tí Ọkọ̀ Òfurufú Ń Bà Sí? Àwọn Àwórì Èkó àti Àwọn Chamorro Guam

Ẹnikẹ́ni tó bá wọkọ̀ láti Òṣòdì lọ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, Apakun ni yóò gbà kọjá. Títì onílà mẹ́wàá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2019 ló la àdúgbò náà já. Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Dubai ti rí Apakun kí ó tó rí Èkó gan-an. Síbẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn arìnrìn-àjò náà béèrè pé: ta ló ni ilẹ̀ yìí kí pápákọ̀ tó dé?

Ìbéèrè yìí kan náà ni àwọn ẹ̀yà Chamorro ti ń béèrè láti ọjọ́ pípẹ́ ní erékùṣù Guam, láàárín agbami Pàsífíìkì. (Àwọn mìíràn nínú wọn ń kọ orúkọ náà ní CHamoru báyìí.) Ní ojú ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kò sí ohun tó pa Apakun pọ̀ mọ́ Guam. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 45 níbùú lóòró lọ, ètò ìkànìyàn ọdún 2006 sì ka 621,509 ènìyàn sínú rẹ̀. Guam fẹ̀ tó ìlọ́po méjìlá rẹ̀, àmọ́ 153,836 péré ni àwọn tí wọ́n kà níbẹ̀ ní 2020. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé ilẹ̀ àwọn méjèèjì wà níbi tí aráyé fẹ́ gúnlẹ̀ sí. Bí ojú ọ̀nà ilẹ̀ ẹni bá sì dára jù, àwọn tó lágbára kì í fojú fò ó.

Orúkọ ni kí a kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1521, Ferdinand Magellan àti àwọn atukọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Guam pẹ̀lú ebi. Àwọn Chamorro wá bá wọn lójú omi, wọ́n kó lára ẹrù inú ọkọ̀, wọ́n sì mú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kékeré kan lọ. Magellan kó ọmọ ogun lọ sí etíkun, ó dáná sun ilé wọn, ó pa ènìyàn méje, ó sì sọ gbogbo àgbájọ erékùṣù náà ní Erékùṣù Àwọn Olè. Orúkọ yẹn wà lórí àwòrán ilẹ̀ àwọn òyìnbó fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó mọ Òṣòdì kí ìjọba tó da ọjà ibẹ̀ wó ní oṣù kìíní ọdún 2009 yóò rántí pé orúkọ tí ibẹ̀ náà ní lẹ́nu àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá kò yàtọ̀: jágùdà, afọ́wọ́fà, ọmọ ìta. Ìyá tó ń ta ata níbẹ̀ fún ogún ọdún kò sí nínú ìtàn náà.

Àwọn Àwórì ló ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ Èkó lórí ilẹ̀ gbígbẹ, láti Ìsọlọ̀ dé Ìkẹjà. Ìtàn wọn sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni Ògúnfúnminírè ti gbéra, tí ó ń tẹ̀lé àwo tí ó ń léfòó lójú odò títí tí àwo náà fi rì. Ibi tí àwo rì sí ni wọ́n tẹ̀dó. Òṣòdì fúnra rẹ̀ gba orúkọ rẹ̀ lára Òṣòdì Tápà, ọmọ Núpé tó di olóyè ńlá lábẹ́ Ọba Kòsọ́kọ́, tó bá a lọ sí ìgbèkùn ní Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ará Bìrìtìkó fi ọkọ̀ ogun lé ọba náà kúrò ní 1851. Orúkọ ibẹ̀ gan-an fi hàn pé àlejò àti onílẹ̀ ti ń gbé pọ̀ ní agbègbè yìí kí òyìnbó tó gbà á.

Ìwé àdéhùn ló sọ àwọn méjèèjì di ọmọ abẹ́ ìjọba àjèjì. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó fún ọbabìnrin Bìrìtìkó, lábẹ́ ìhàlẹ̀ ọkọ̀ ogun. Ní oṣù kejìlá ọdún 1898, Sípéènì tó ti ń jọba lé Guam lórí láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún fi í lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́ nínú àdéhùn Paris. Dòsùnmú, bí wọ́n tilẹ̀ fipá mú un, fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìwé. Ní Paris, kò sí Chamorro kan ṣoṣo nínú yàrá. Ìwé náà kàn sọ pé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ni yóò pinnu ẹ̀tọ́ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà yóò ní. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ogun àti àrùn abẹ́ ìjọba Sípéènì ti dín wọn kù débi pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún wọn kò tó 5,000 mọ́.

Ibi tí ìtàn Èkó ti dára jù lọ ni ọ̀rọ̀ Olóyè Àmọ́dù Tìjání, ẹni tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Olúwa. Ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ ní Apápá fún iṣẹ́ ìlú, wọ́n sì ní olóyè kò ní ilẹ̀, pé alámòójútó lásán ni, nítorí náà owó táṣẹ́rẹ́ ni kí ó gbà. Ó kọ̀. Ní 1920, òun àti Herbert Macaulay wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ Bìrìtìkó. Ní 1921, ilé ẹjọ́ náà dá wọn láre: àdéhùn 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, ti ẹbí, ti abúlé àti ti ìlú ni ilẹ̀ nínú àṣà ibẹ̀, bí ìjọba bá sì gbà á, kí ó san iye tó tọ́ sí i. £22,500 ni wọ́n san nígbẹ̀yìn. Èyí kì í ṣe owó kékeré rárá ní ayé ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìdájọ́ yẹn ṣe pàtàkì ju owó lọ. Ó sọ pé ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun kì í ṣe ẹni tí kò ní nǹkan.

Guam kò ní irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gágun ojú omi Amẹ́ríkà ló ń ṣe gómìnà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó ń ṣe òfin, tí ó sì ń yan adájọ́. Ní 1917, ọ̀kan nínú wọn pàṣẹ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni èdè ìjọba, kí wọ́n má sọ Chamorro níbi iṣẹ́ ọba àyàfi fún ògbufọ̀. Wọ́n ń jẹ ọmọdé níyà ní ilé ẹ̀kọ́ bí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀. Kò sídìí láti ṣàlàyé èyí fún Yorùbá tó ti sanwó ìtanràn rí nítorí pé ó sọ fànákúlà ní kíláàsì.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Japan kọlu Guam ní oṣù kejìlá ọdún 1941, Amẹ́ríkà sì tún gbà á padà láti oṣù keje 1944. Àwọn Chamorro yọ̀ gidigidi, nítorí ìyà tí wọ́n jẹ lọ́wọ́ Japan pọ̀. Inú ayọ̀ yẹn ni wọ́n wà tí ilẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìlú Sumay, tó jẹ́ ìlú kejì tó tóbi jù ní erékùṣù náà, tí ọkọ̀ òfurufú ilé iṣẹ́ Pan American ti ń bà sí láti 1935, ni àwọn ológun ojú omi gbà pátápátá. Wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí orí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Santa Rita. Inú bárékè ni Sumay wà títí di òní. Owó tí wọ́n san fún ọ̀pọ̀ onílẹ̀ ní Guam, orí iye tí ilẹ̀ ń lọ ṣáájú ogun ni wọ́n gbé e lé. Ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ológun Amẹ́ríkà ní Guam báyìí ju ìdá mẹ́rin kan lọ.

Àwọn Chamorro kò dákẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1949, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ aṣojú wọn dìde kúrò ní ìjókòó, wọ́n sì ti ilé ìgbìmọ̀ pa nítorí pé gómìnà ológun kò gbà pé wọ́n lè ṣèwádìí ẹnikẹ́ni. Àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà gbé ìròyìn náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òfin sọ wọ́n di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìjọba ológun sì kásẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ títí di ìsinsìnyí, ẹni tó ń gbé Guam kò lè dìbò yan ààrẹ Amẹ́ríkà, aṣojú kan ṣoṣo tí wọ́n ní nílé ìgbìmọ̀ ní Washington kò sì lè dìbò nígbà tí òfin bá ń lọ sí ìparí. Ó lè kú lójú ogun fún ààrẹ tí kò yàn. Awakọ̀ Apakun, bí nǹkan ti le fún un tó, lè jáde lọ́jọ́ ìdìbò kí ó tẹ̀ka fún ẹni tó wù ú.

Ṣùgbọ́n tó bá kan ilẹ̀, kò yẹ kí awakọ̀ yẹn yọ̀ púpọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n kọ́ pápákọ̀ Ìkẹjà. Ní àwọn ọdún 1970, owó epo rọ̀bì wọlé, ìjọba ológun sì kọ́ gbọ̀ngàn tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta ọdún 1979, tí wọ́n fi orúkọ olórí orílẹ̀-èdè tí wọ́n pa ní 1976 sọ. Ọdún kan ṣáájú ìṣílé yẹn, ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta 1978, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti jáde. Ó gbé gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lé gómìnà lọ́wọ́. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, yóò san owó ilé, owó ohun ọ̀gbìn àti ohun tí ènìyàn ṣe sórí ilẹ̀. Fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kìkì owó ìyálò ọdún náà ni. Ohun tí Olúwa bá òyìnbó jà fún tí ó sì borí, ọmọ Nàìjíríà ló fi òfin ọ̀sán gangan gbà á padà. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn láti sọ, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹni tó fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lè bi àwọn ará Màrókò tí wọ́n lé ní oṣù keje ọdún 1990, tàbí àwọn ọlọ́jà Ọ̀wọ́nifáàrí ní Òṣòdì tí katakata kó ìsọ̀ wọn ní oṣù kìíní 2016.

Ní ti ìjẹ àti ìmu, Guam ló rọ̀ ṣọ̀mù jù: iná ń tàn níbẹ̀, omi ń yọ, ilé ìwé ọ̀fẹ́ sì wà. Owó ológun àti ti arìnrìn-àjò afẹ́ láti Japan àti Kòríà ló ń gbé ìlú náà. Àmọ́ ọkọ̀ ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn wá, nítorí pé oko àwọn baba wọn ti di bárékè, ó sì wọ́n. Ètò ìrànwọ́ SSI tí Amẹ́ríkà fi ń tọ́jú arúgbó aláìní àti aláàbọ̀ ara kò dé Guam, bẹ́ẹ̀ ó dé erékùṣù àríwá tó múlé gbè é, níbi tí Chamorro náà ń gbé. Ọ̀pọ̀ wọn ti kó lọ sí California àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, débi pé Chamorro tó wà ní Amẹ́ríkà pọ̀ ju èyí tó kù ní Guam lọ. Ní Apakun, ẹni tó ń lọ kò tó ẹni tó ń bọ̀. Kò sí ìjọba tó ń sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ìsọ̀, mẹkáníìkì, àjọ àti èsúsú ni wọ́n fi ń gbé ara wọn ró. Àwọn Chamorro ní tiwọn náà, chenchule' ni wọ́n ń pè é: ẹbùn tí ẹbí ń gbé wá síbi òkú tàbí ìgbéyàwó, tí olúkúlùkù sì mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ san padà lọ́jọ́ kan. Ẹni tó mọ àárò mọ èyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Àwórì àti ti Chamorro ti pàdé gan-an ni pé onílẹ̀ ti di kékeré láàárín àlejò. Chamorro kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan àwọn ará Guam lọ. Ní Èkó, Àwórì ti sọnù sáàárín ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, ó sì tóbi: púpọ̀ nínú àwọn tó bo Àwórì mọ́lẹ̀ jẹ́ Yorùbá bíi tiwọn, èdè wọn kò kú, ẹ̀ka-èdè wọn ló ń rẹ̀yìn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń jà fún ìpín wọn náà yàtọ̀. Ní 1975, Guam ṣe òfin tó ya ilẹ̀ ìjọba sọ́tọ̀ fún Chamorro láti yá fún ọdún 99, ní dọ́là kan lọ́dún. Wọn kò mú un ṣẹ títí tí Angel Santos, ọmọ ogun òfurufú tẹ́lẹ̀ rí, àti ẹgbẹ́ Nasion Chamoru fi gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pe Guam lẹ́jọ́ pé òfin náà ń ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀. Ní 2020 ni wọ́n yanjú rẹ̀, tí wọ́n gbé ẹ̀tọ́ náà karí ilẹ̀ tí ìdílé pàdánù dípò ẹ̀yà.

Ní Èkó, ọmọ onílẹ̀ ló gba ipò òfin bẹ́ẹ̀. Owó ìpìlẹ̀, owó òrùlé, owó géètì: ẹni tó ń kọ́lé mọ orúkọ gbogbo wọn. Ní 2016, ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi agbára gba ilẹ̀ tàbí owó bẹ́ẹ̀. Jàgídíjàgan kò dára, kò sì sí ẹni tó yẹ kó gbè é. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò bi ìdílé tí ilẹ̀ rẹ̀ di títì tàbí pápákọ̀ ohun tí wọ́n rí gbà. Òfin 1978 sì wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 lọ́nà tí a kò fi lè tún un ṣe láìjẹ́ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì ní Abùjá fọwọ́ sí i, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́rìnlélógún sì gbà.

Ní Sumay, ibojì ṣì wà nínú bárékè. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń ṣí ẹnu ọ̀nà fún àwọn ọmọ ìlú náà láti lọ wo òkú wọn.