Ọjọ́ tó wà lára fáìlì: ohùn bàbá àgbà mi àti ààlà Yewa

1. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó díẹ̀. Mo fẹ́ sọ ìtàn ààlà wa ní Yewa, àti bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara mi ba apá kan rẹ̀ jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà.

2. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ní Paris, wọ́n sì pín ilẹ̀ wa. Ìlaròó àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni nínú wa.

3. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́ (1914 sí 1918), Faransé ń fi ipá mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọṣẹ́ ológun. Owó orí náà tún wà lọ́rùn àwọn èèyàn. Ọ̀pọ̀ ìdílé bá di ẹrù, wọ́n sọdá sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ nípa ìṣíkiri yìí nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976. Bàbá tó bí bàbá àgbà mi wà lára àwọn tó sọdá.

4. Ohùn bàbá àgbà méjì ló wà lọ́wọ́ mi, Ayétòrò la ti gba méjèèjì. Èmi gba ọ̀kan, ọmọ àǹtí mi gba èkejì. Nínú ọ̀kan, Bàbá ní torí owó orí ni wọ́n ṣe sá. Nínú èkejì, ó ní wọ́n mú ẹ̀gbọ́n bàbá òun lọ sógun, kò sì padà wálé. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n níbẹ̀.

5. Èwo ló kọ́kọ́ sọ? Ọ̀rọ̀ ńlá ni o. Bó bá jẹ́ owó orí ló sọ gbẹ̀yìn, ẹnìkan lè ní àgbà ti ń gbàgbé. Bó bá jẹ́ ti ogun ló gbẹ̀yìn, a jẹ́ pé ó fi ọgbẹ́ yẹn pamọ́ títí ó fi rí i pé ó yẹ kóun sọ ọ́.

6. Mo ṣí láptọ́ọ̀pù, mo wo Date created. Ọjọ́ kan náà ló wà lára méjèèjì! Ọjọ́ tí mo kó wọn wọ láptọ́ọ̀pù ni. Lórí Windows, tí o bá ṣe copy, Date created á di ọjọ́ tí o ṣe é, ṣùgbọ́n Date modified á dúró bó ṣe wà. Tí o bá kàn gbé fáìlì láti fódà kan sí òmíràn lórí dírọ́ọ̀fù kan náà, méjèèjì ò ní yí.

7. Mo bá wo Date modified. Tèmi sọ pé 2017. Ó dáa. Èkejì, tó gba orí WhatsApp wá, sọ pé 2022. Bàbá kú ní 2021! Òkú kì í sọ̀rọ̀ sínú fóònù. 2022 ni mo gbà á sórí fóònù tuntun. Ọjọ́ tó wà nínú orúkọ tí WhatsApp fún un, èmi fúnra mi ni mo pa á rẹ́, mo pè é ní "baba ayetoro". Fóònù ọmọ àǹtí mi sì ti sọnù.

8. Mo fi ìyapíìsì sétí, mo gbọ́ ọ nígbà mẹ́wàá. Rédíò kan ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Bàbá: Dapo Abiodun ti wọlé gómìnà ní Ògùn. Oṣù kẹta 2019 nìyẹn! Ti ogun ló gbẹ̀yìn. Bàbá ò gbàgbé nǹkan kan. Mo sunkún.

9. Rédíò ló yọ mí. Tiyín lè má ní rédíò lẹ́yìn, nítorí náà:
– Ẹ kọ ọjọ́, ìlú àti orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú orúkọ fáìlì: 2019-03_Ayetoro_Baba.
– Ẹ dì wọ́n sínú zip kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Date modified á wà níbẹ̀.
– Ẹ má fi fọ́tò àtijọ́ ránṣẹ́ lásán lórí WhatsApp. Ó máa ń yọ ọjọ́ tí kámẹ́rà kọ sínú rẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document.
– Lórí Linux, cp -p ni kẹ́ ẹ lò.

10. Àwọn tó pín ilẹ̀ wa ò bi wá. Àwọn tó sọdá ò rí àyè kọ ọjọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí fóònù wà lọ́wọ́ yín, ẹ lọ wo fódà yín lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ tó kó o síbòmíràn.