Ọjọ́ Tí Rédíò Sọ Ọ̀sán Di Òru

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan péré la fẹ́ sọ lónìí: ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, àti ohun tí rédíò Nàìjíríà gbé sáfẹ́fẹ́ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Èkó ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìhà Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ́n la ó ti gbọ́ ọ. Ẹni tó wà ní Ìkòyí gbọ́ ìró ìbọn. Ẹni tó wà lóko kòkó ní Ìpele, ohùn lásán ló gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sẹ́yìn ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ní ọjọ́ 3 oṣù yẹn, Ọ̀gágun Murtala Muhammed bọ́ sórí rédíò, ó kéde ìpínlẹ̀ méje tuntun, gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà sì di 19. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ pín sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ọ̀wọ̀ bọ́ sí Oǹdó, Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú. Ẹni tó bá ti gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ rìn láti Ọ̀wọ̀ dé ọ́fíìsì Ìbàdàn rí, tí wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún un. Ìlú Àkúrẹ́ kò tó wákàtí kan lọ́kọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ kan náà ló ti sọ pé olú-ìlú Nàìjíríà yóò kúrò l'Ékòó. Ohùn ọkùnrin kan ló gbé gbogbo èyí kalẹ̀, orí rédíò la sì ti gbọ́ ọ.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa ń pe rédíò, orúkọ náà kò sì kì í ṣe àwàdà. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé e dé Èkó ní 1935, àpótí ara ògiri ni, wáyà ló ń gbé ohùn wá bá a. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń yí i sí ilé iṣẹ́ mìíràn. Ohun tí wọ́n bá sọ l'ẹ ó gbọ́, bí kò bá sì wù yín, ẹ pa á. Ìbàdàn rí tirẹ̀ gbà ní 1939. Nígbà tó fi máa di 1976, rédíò alábátìrì ti gba aráyé lọ́wọ́ wáyà, àgbẹ̀ lè gbé e kọ́ igi lóko, kó sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kò tíì gbèsì síbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, ọkọ̀ Mercedes tí Murtala wà nínú rẹ̀ há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Ìkòyí. Àwọn sójà yìnbọn pa á, pẹ̀lú ọ̀gágun tó ń tẹ̀ lé e, Akintunde Akinsehinwa, àti awakọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Lieutenant-Colonel Buka Suka Dimka gba ilé iṣẹ́ rédíò. Ètò tí àwọn èèyàn mọ̀ dákẹ́, orin ológun gba ipò rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ rédíò ní 1966 àti ní oṣù Keje 1975 mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ pé ìjọba ti yí.

Ọ̀rọ̀ Dimka kò gùn, wọ́n sì ń tún un gbé sáfẹ́fẹ́ léraléra. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ajàjàgbara ti gbàjọba. Pé gómìnà ológun 19 kò láṣẹ mọ́. Pé ikú ni èrè ẹni tó bá tako àwọn. Pé ẹnubodè, pápákọ̀ òfuurufú àti èbúté ọkọ̀ ojú omi ti di títì. Ó wá kéde òfin kónílé-ó-gbélé, láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Ẹ tún un gbọ́: àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Aago mẹ́fà àárọ̀ ti kọjá tipẹ́ nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Bí a bá ní ká pa òfin náà mọ́ bó ṣe sọ ọ́, oòrùn ni gbogbo Nàìjíríà ìbá sá fún, òru ni wọn ìbá máa ná ọjà. Títí dòní ni àwọn àgbàlagbà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ẹ rò ó wò fún ẹni tó ti wà lóko láti ìdájí, tí ọ̀nà ilé sì jìn. Ṣé kó padà ni, kí sójà bá a lójú ọ̀nà, tàbí kó dúró síbẹ̀? Ta ni yóò bi? Ará Ìfọ́n, tí ọ̀nà Benin gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá, gbọ́ pé wọ́n ti ti ẹnubodè. Ẹnubodè wo? Rédíò kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, orin ológun ló kù.

Ohun kan wà tí mo rò pé a kì í sábà kíyè sí. Gómìnà 19 ni Dimka yọ. Kò sọ pé 12, iye tí ìpínlẹ̀ jẹ́ títí di ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Ọkùnrin tó ń dojú ìjọba Murtala dé ka iṣẹ́ ọwọ́ Murtala mọ́ ohun tó ti fìdí múlẹ̀. Ẹni tó bá ń fi etí oníwọra gbọ́ rédíò l'Ọ́wọ̀ lọ́jọ́ náà, tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á tún dá òun padà sábẹ́ Ìbàdàn, rí ìdáhùn gbà nínú iye yẹn. Dimka fúnra rẹ̀ lè má mọ̀ pé òun fún un ní ìdáhùn kankan.

Kò pẹ́ púpọ̀. Ibrahim Babangida lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò láti lọ gbà á padà, Dimka sì sá lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, rédíò kan náà ló wá sọ pé ìdìtẹ̀ náà ti kùnà. Ọjọ́ kejì ni Olusegun Obasanjo kéde ikú Murtala, tó sì sọ pé òun gba ipò náà lòdì sí ìfẹ́ ọkàn òun. Wọ́n ti pa Ibrahim Taiwo, gómìnà Kwara, tó bá Oǹdó ìgbà yẹn pààlà, ní Ilọrin.

Ìdí tí gbogbo wọn fi ń sáré lọ sí ilé rédíò kò ṣòro mọ̀. Ní ìlú tí tẹlifóònù kò pọ̀, tí ìwé ìròyìn ti Èkó sì ń pẹ́ dé, ẹni tó bá di ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ mú ni ìjọba, ó kéré tán fún wákàtí díẹ̀. Àwa ní Ìwọ̀-Oòrùn sì ti rí i ṣáájú àwọn sójà: ní oṣù Kẹwàá 1965, lákòókò ìjà ìdìbò, ẹnìkan gbé ìbọn wọ ilé rédíò Ìbàdàn kí wọ́n má bàa gbé ọ̀rọ̀ olórí ìjọba sáfẹ́fẹ́. Wọ́n fi ẹ̀sùn náà kan Wole Soyinka, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin 1990, Gideon Orkar jókòó sí Ìkòyí kan náà, ó sì fi ẹnu lásán yọ ìpínlẹ̀ márùn-ún kúrò lára Nàìjíríà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti padà sínú rẹ̀.

Ní ti Dimka, wọ́n mú un ní oṣù Kẹta, wọ́n sì yìnbọn pa á ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 1976. Oṣù Kẹta yẹn náà ni Ita David Ikpeme, gómìnà àkọ́kọ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Ákùúrẹ́. Dimka ti yọ ọ́ nípò lórí rédíò kó tó débẹ̀.